Eyín tí a ti fọ gbòǹgbò rẹ̀ tí kò yéé dùn: àkọsílẹ̀ ìṣẹ̀lẹ̀ kan láti Abẹ́òkúta

Ìyá kan tí ọjọ́ orí wọn ti lé ní 55, tí wọ́n ń ta àdìrẹ ní ọjà Ìtòkú, ni àkọsílẹ̀ yìí dá lé lórí. Wọ́n fún mi láṣẹ láti kọ ọ́, wọ́n sì ní kí n má ṣe dárúkọ àwọn, nítorí náà mo ti yí àwọn nǹkan kéékèèké kan padà tí kò kan ìtọ́jú náà rárá. Iṣẹ́ dókítà eyín ni mo ń ṣe ní Abẹ́òkúta. Mo yan ọ̀rọ̀ wọn nítorí pé ẹjọ́ tí wọ́n gbé wá kì í ṣe tuntun sí wa: wọ́n ti san owó gọbọi láti fọ gbòǹgbò eyín wọn, èyí tí gbogbo ènìyàn ń pè ní rúùtù kánàlì, wọ́n ti fara da abẹ́rẹ́ àti ìjókòó gígùn lórí àga, síbẹ̀ eyín náà kò yéé dùn. Ìgbà ọyẹ́ ni wọ́n wá. Ọmọbìnrin wọn, tí ó jẹ́ tíṣà ní Ìjàyè, ni ó mú wọn wọlé, ohun tí Màmá sì kọ́kọ́ sọ lẹ́yìn ìkíni ni pé, “Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yọ ọ́ dànù. Ó ti sú mi.”

Eyín tí wọ́n ń sọ ni eyín ńlá àkọ́kọ́ lápá òsì lókè, èyí tí àwa máa ń kọ sínú ìwé gẹ́gẹ́ bí 26. Ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta ṣáájú ni ó ti kọ́kọ́ dà wọ́n láàmú, nígbà tí wọ́n lọ kí ọmọkùnrin wọn ní Èkó. Ọmọ náà gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn eyín kan níbẹ̀, níbi tí a ti rí i pé ihò tí ó wà lójú eyín náà ti jinlẹ̀ dé ibi tí ẹ̀jẹ̀ àti iṣan ìmọ̀lára wà, tí a sì yọ ẹran inú rẹ̀, tí a fọ àwọn ihò gbòǹgbò rẹ̀, tí a dí wọn, tí a sì fi ohun funfun tí ó le bo ojú eyín náà. Wọ́n ní kí Màmá padà wá láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan fún adé, ìyẹn ìbòrí líle tí a ń dé sórí eyín kí ó má bàa là. Màmá kò padà, nítorí pé ìgbà tí àwọn ẹgbẹ́ ń dá aṣọ ọdún ti wọlé dé, owó adé náà kò sì kéré. Ìrora àkọ́kọ́ tí kì í jẹ́ kí wọ́n sùn lọ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí a ti dí eyín náà tán ni kò ti ṣeé fi jẹ nǹkan, nígbà tí ó sì tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ìrora mìíràn tún yọjú tí kò ní í ṣe pẹ̀lú jíjẹ.

Ohun tí wọ́n ti lò kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa pọ̀. Mo máa ń béèrè nípa irú nǹkan bẹ́ẹ̀ láìfajúro, torí pé aláìsàn tí dókítà bá bú lónìí kò ní í sọ òótọ́ fún un lọ́la. Wọ́n ti ki kànáfùrù sí ẹ̀gbẹ́ eyín náà, mo sì rí ibi tí ó ti bó èrìgì wọn di funfun. Kànáfùrù kì í ṣe ohun tí ó yẹ ká fi ṣe ẹlẹ́yà: èròjà inú òróró rẹ̀ ni a ń pò mọ́ ìyẹ̀fun kan láti fi dí eyín fún ìgbà díẹ̀, òun náà ni ó ń ta sánsán nínú yàrá dókítà eyín káàkiri ayé. Ṣùgbọ́n eyín Màmá ti di pinpin, òróró náà kò sì lè gba ojú ohun líle wọlé, èrìgì nìkan ni ó ń jó. Wọ́n ti ra Ampiclox, oògùn apakòkòrò, ní ṣọ́ọ̀bù oògùn, wọ́n ń lo díẹ̀, wọ́n ń dá a dúró bí ara bá fúyẹ́, wọ́n sì tún ń padà sí i. Diclofenac, oògùn ìrora, ni wọ́n fi ń sùn lóru. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n sì ń lo oògùn rẹ̀. Nígbà tí nọ́ọ̀sì wọn ọ́n, 168/96 ni ó jẹ́, ó ga ju bí ó ti yẹ lọ. Diclofenac, ibuprofen àti àwọn ẹbí wọn lè gbé ẹ̀jẹ̀ ríru sókè, wọ́n lè dín agbára oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kù, wọ́n sì lè ṣe kíndìnrín léṣe bí a bá ń lò wọ́n pọ̀ mọ́ àwọn kan nínú oògùn náà. Ohun àkọ́kọ́ tí a ṣe nìyẹn, kí a tó fọwọ́ kan eyín: a gba diclofenac kúrò lọ́wọ́ wọn.

Ọmọbìnrin wọn béèrè ọ̀rọ̀ kan tí ó mọ́gbọ́n dání. Ó ní, “Dókítà, bí wọ́n bá ti yọ iṣan inú eyín kúrò lóòótọ́, kí ló tún kù tí ó ń dun Màmá?” Ìdáhùn rẹ̀ ni pé eyín kì í dá dúró. Àwọn okùn tín-ín-rín kan wà láàárín gbòǹgbò àti egungun tí wọ́n so eyín mọ́ ibùjókòó rẹ̀, àwọn okùn wọ̀nyí sì ní ìmọ̀lára tiwọn tí rúùtù kánàlì kò fọwọ́ kàn. Irin tí a fi ń ha inú gbòǹgbò àti omi tí a fi ń fọ̀ ọ́ lè bí ara ibẹ̀ nínú, ìdí nìyẹn tí eyín fi máa ń dun ènìyàn bí ó bá fi jẹun ní ọjọ́ méjì sí mẹ́ta àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìtọ́jú. Ó yẹ kí irú ìrora bẹ́ẹ̀ máa lọ sílẹ̀ lójoojúmọ́, kí ó sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Bí ó bá ti kọjá ìyẹn tí kò dín kù, tàbí tí ó lọ tí ó tún padà, ó ní ohun tí ó fà á, iṣẹ́ wa sì ni láti wá a rí kí ẹnikẹ́ni tó mú ìfayín lọ́wọ́.

Ìrora méjì lábẹ́ orúkọ kan

Mo ní kí Màmá fi ọwọ́ hàn mí ibi tí ó ń dùn wọ́n. Nígbà tí mo béèrè nípa ìrora ìgbà jíjẹ, wọ́n na ìka ìfábẹ̀là wọn, tí aró ti wọ abẹ́ èékánná rẹ̀, wọ́n sì gbé e lé orí eyín náà gan-an láìṣìnà. Nígbà tí mo béèrè nípa ìrora kejì, ìka kò sí níbẹ̀ mọ́. Gbogbo àtẹ́lẹwọ́ ni wọ́n gbé bo ẹ̀rẹ̀kẹ́, wọ́n fà á gòkè lọ sí ẹ̀bá etí, wọ́n sì ní, “Agbègbè yìí ni, n kò mọ ibi pàtó.” Èmi a máa fojú sí ọwọ́ aláìsàn ju ẹnu rẹ̀ lọ nírú àkókò bẹ́ẹ̀. Àwọn okùn tí ó so eyín mọ́ egungun máa ń sọ fún ọpọlọ ibi tí ìyà ti ń jẹ wọ́n, nítorí náà ẹni tí ibẹ̀ ń dùn lè tọ́ka sí eyín kan ṣoṣo. Ẹran inú eyín kò mọ irú àdírẹ́sì bẹ́ẹ̀. Bí ó bá ń dùn, ìrora rẹ̀ a tàn ká ẹ̀rẹ̀kẹ́, a dé etí, a dé ẹ̀bátí, òmíràn a tiẹ̀ máa ṣe ẹni bí ẹni pé eyín ìsàlẹ̀ ni. Ọwọ́ Màmá ti sọ pé ìrora méjì ni wọ́n ń pè ní ọ̀kan, pé ọ̀kan ń ti ìta gbòǹgbò wá, èkejì sì ń ti inú eyín kan tí ẹran rẹ̀ ṣì wà láàyè.

Ohun tí wọ́n sọ nípa òru tún fi kún un. Wọ́n ní àwọn kì í lè mu ẹ̀kọ gbígbóná láàárọ̀ mọ́, pé omi iyọ̀ lílọ́wọ́ọ́wọ́ tí àwọn ènìyàn ní kí àwọn máa fi fọ ẹnu ń dá kún un, àti pé omi inú ọ̀rá tí ó ti tutù nínú fíríìjì ni àwọn ń gbé sẹ́bàá ibùsùn, tí àwọn ń fi ẹnu dì í mú títí ìrora á fi rọlẹ̀. Ooru ń ru ú sókè, òtútù ń pa á. Ẹni tí ó bá ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ yìí mọ àmì yìí dáadáa: ẹran inú eyín tí ó ti gbọgbẹ́ tí ó sì ń kú lọ ni ó máa ń hu irú ìwà bẹ́ẹ̀. Eyín tí a ti yọ ẹran inú rẹ̀ tán kò gbọ́dọ̀ mọ̀ bóyá ẹ̀kọ gbóná tàbí ó tutù. Nítorí náà, nínú méjì, ọ̀kan: yálà eyín mìíràn ni ó ń dùn tí gbogbo ènìyàn ń di ẹ̀bi ru eyín 26, tàbí kí nǹkan kan ṣẹ́ kù nínú 26 tí a kò rí.

Kí a tó dé ibẹ̀, àwọn ohun mìíràn wà tí a ní láti mú kúrò lọ́nà. Gbòǹgbò àwọn eyín ńlá òkè súnmọ́ ihò òfìfo kan tí ó wà nínú egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú, bí kàtá bá sì dí ibẹ̀ lásìkò ọyẹ́, eyín bíi mẹ́ta tàbí mẹ́rin lè máa dun ènìyàn pa pọ̀ láìní àrùn kankan lára. Mùsùlùmí ni Màmá, mo sì bi wọ́n bóyá ìrora náà máa ń pọ̀ sí i bí wọ́n bá fi orí kanlẹ̀ lórí ìrun, nítorí pé títẹ orí sílẹ̀ máa ń jẹ́ kí ìrora kàtá wúwo sí i. Wọ́n ní rárá, imú wọn sì mọ́. Ìrora iṣan ojú tún wà, èyí tí ó máa ń ta ènìyàn bí iná mànàmáná fún ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ bí a bá kàn fọwọ́ kan ojú tàbí tí a ń bọ́jú. Ti Màmá kò rí bẹ́ẹ̀, ó máa ń pẹ́ kí ó tó lọ. Èyí tí mo bẹ̀rù jù ni kí gbòǹgbò ti là. Eyín ńlá tí a ti fọ gbòǹgbò rẹ̀ tí a kò de adé lé máa ń là lábẹ́ ìjẹ, pàápàá lẹ́nu àwa tí a kì í fẹ́ fi eegun ẹran sílẹ̀ nínú àwo, bí gbòǹgbò bá sì là láti òkè dé ìsàlẹ̀, kò sí àtúnṣe tí ó ju yíyọ lọ. A fi irin tín-ín-rín tí a sàmì sí wọn jíjìn èrìgì yí eyín náà po. 3 mm ni ó jinlẹ̀ mọ níbi gbogbo. Kò sí ibi kankan tí irin náà ti rì wọlé lójijì, bí ó ti sábà máa ń rì níbi tí gbòǹgbò bá là. Ìyẹn fún wa ní ìrètí.

Ìrora ìgbà jíjẹ ni ó rọrùn jù láti yanjú, n kò sì ní í pẹ́ lórí rẹ̀. A fi bébà aláró tín-ín-rín sáàárín eyín òkè àti ti ìsàlẹ̀, a ní kí Màmá gé e jẹ kí wọ́n sì lọ ẹnu sọ́tùn-ún sósì. Níbi tí eyín yòókù ti gba àmì fẹ́ẹ́rẹ́, ohun funfun tí ó wà lójú 26 gba àmì aró kan tí ó nípọn bátá. Ó ga ju bí ó ti yẹ lọ. Gbogbo ìgbà tí Màmá bá pa ẹnu dé ni eyín yìí ń ṣáájú gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ gba ẹrù, àwọn okùn ìdí rẹ̀ kò sì rí ìsinmi láti ọjọ́ tí a ti dí i. A ha á títí àmì rẹ̀ fi dọ́gba pẹ̀lú ti àwọn yòókù. Kí wọ́n tó dìde lórí àga ni wọ́n ti ní ó fúyẹ́, nígbà tí wọ́n sì padà wá lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ó ti ṣeé fi jẹ àkàrà. Ìrora ooru kò kúrò ní tirẹ̀. Mo fẹ́ràn pé ó rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé ní báyìí ọ̀kan ṣoṣo ni ó kù tí a ń wá.

Omi gbígbóná

Ọ̀nà tí a fi ń mọ eyín tí ooru ń dùn kò ṣòro, ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ sùúrù, ìdí sì nìyẹn tí ọ̀pọ̀ kì í fi í ṣe é. Bí a bá kàn ní kí aláìsàn mu tíì, gbogbo eyín ni ooru náà yóò kàn lẹ́ẹ̀kan náà, a kò sì ní í mọ èwo ni. Ohun tí a ń ṣe ni pé a ó na rọ́bà fẹ́ẹ́rẹ́ kan bo ẹnu, a ó lu ihò kan ṣoṣo sí i, a ó sì jẹ́ kí eyín kan ṣoṣo yọ orí jáde láti inú ihò náà, kí omi má bàa kan aládùúgbò rẹ̀. Omi tí ó gbóná tó tíì tí ènìyàn lè mu ni a fà sínú síríńjì, kì í ṣe omi híhó. Ibi tí a kò fura sí ni a ti ń bẹ̀rẹ̀, a sì gbọ́dọ̀ dúró dáadáa kí a tó kúrò lórí eyín kan bọ́ sí òmíràn, torí pé ìrora ooru kì í sáré dé, bí ó bá sì dé, kì í sáré lọ.

A bẹ̀rẹ̀ láti ara eyín ńlá kejì, èyí tí ó wà lẹ́yìn 26. Màmá kò mọ nǹkan kan lára ju pé ó lọ́wọ́ọ́wọ́. A bọ́ sí èyí tí ó wà níwájú. Wọ́n ní ó gbóná, a dá omi dúró, ó sì lọ lójú ẹsẹ̀, bí eyín tí ara rẹ̀ dá ṣe máa ń ṣe. Lẹ́yìn náà ni a na rọ́bà náà bo 26. Mo da omi sí i. Kò sí nǹkan kan. Ọmọbìnrin wọn, tí ó dúró lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà, ti ń mi orí pé kì í ṣe ibẹ̀ nìyẹn. Mo ṣì ń wo aago nígbà tí ọwọ́ òsì Màmá gbéra kúrò lórí ikùn wọn, tí ó di apá àga mú, ẹsẹ̀ wọn sì ká sókè lábẹ́ ìró. A da omi tútù sí i kíákíá. Ó pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó mí kanlẹ̀, wọ́n sì ní, “Òun nìyẹn. Òun gan-an ni mò ń bá jìjàkadì lóru.”

Eyín tí a ti fọ gbòǹgbò rẹ̀ ni ó ń dáhùn sí ooru. Ẹran alààyè wà nínú rẹ̀ síbẹ̀.

A ti ya x-ray kan ṣáájú tí ó fi iṣẹ́ tí wọ́n ṣe ní Èkó hàn. Ó yẹ kí n sọ ọ́ pé iṣẹ́ náà kì í ṣe iṣẹ́ jákujàku. Ihò mẹ́ta ni a fọ̀, a dí wọn dé ibi tí ó yẹ, kò sì sí òjìji dúdú kankan ní ṣóńṣó gbòǹgbò èyíkéyìí tí yóò fi hàn pé egungun ibẹ̀ ti ń jẹrà. Ẹni tí kò bá béèrè nípa ẹ̀kọ gbígbóná yóò wo àwòrán yìí, yóò sì sọ fún Màmá pé kò sí nǹkan tí ó ṣe eyín wọn, bóyá inú ọkàn wọn ni ìrora náà wà. Àmọ́ eyín ńlá àkọ́kọ́ lókè ní àṣírí kan. Gbòǹgbò mẹ́ta ni ó sábà máa ń ní, ṣùgbọ́n èyí tí ó wà níwájú lápá ẹ̀rẹ̀kẹ́ nínú wọn fẹ̀, ó sì pẹlẹbẹ, nínú èyí tí ó ju ìdajì àwọn eyín wọ̀nyí lọ, ihò méjì ni ó wà nínú gbòǹgbò kan náà. Ihò kejì yìí tín-ín-rín, ẹnu rẹ̀ sì sábà máa ń fara pamọ́ sábẹ́ apá kan lára eyín tí ó yọ bò ó. Òun ni ó wọ́pọ̀ jù nínú gbogbo ihò tí àwọn dókítà eyín máa ń fò, kárí ayé. A tún x-ray yà, a darí rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kan dípò iwájú gbọọrọ, àwòrán kejì yìí sì fi hàn pé ìlà funfun tí ó wà nínú gbòǹgbò iwájú náà kò sí láàárín; ó fì sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bí ìlà bá fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ báyìí, a jẹ́ pé ó ṣeé ṣe kí ohun mìíràn wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì.

Yọ ọ́ tàbí tún un ṣe?

Ọ̀rọ̀ owó ni ó kọ́kọ́ jáde, kò sì burú. Yíyọ eyín wọ́n níwọ̀nba. Títún rúùtù kánàlì ṣe, kí a sì tún de adé lé e, wọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Ẹni tí wọ́n jọ ń tajà ní Ìtòkú ti sọ fún Màmá pé jìbìtì ni gbogbo ọ̀rọ̀ rúùtù kánàlì, pé òun yọ tòun, òun sì rí ìsinmi. N kò bá ẹni náà jà, torí pé eyín tí a yọ kì í dunni mọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n eyín ńlá méjì ti kúrò lápá ọ̀tún Màmá, apá òsì nìkan ni wọ́n fi ń jẹ ẹran. Bí 26 bá tún lọ, eyín ìsàlẹ̀ tí ó ń pàdé rẹ̀ kò ní í rí ẹni bá jẹun mọ́, àwọn tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ yóò sì máa tẹ̀ sínú àlàfo náà díẹ̀díẹ̀. Eyín àtọwọ́dá tí ó dára tí a óò fi rọ́pò rẹ̀ lè náni ju ìtọ́jú náà gan-an lọ. Mo sọ èyí fún wọn, mo sì tún sọ pé n kò lè ṣèlérí pé a ó rí ihò náà, pé bí a bá ṣí eyín náà tí a sì rí i pé ó ti là, yíyọ náà ni yóò kù. Wọ́n bi ọmọ wọn, ọmọ fọ̀ràn náà lọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Èkó, wọ́n sì fẹnu kò pé kí a tún un ṣe, kí wọ́n máa san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ọjọ́ tí a ṣe é, ẹ̀jẹ̀ ríru wọn ti wálẹ̀ sí 142/86. A fún wọn ní abẹ́rẹ́ kí ẹnu lè kú, a na rọ́bà bò ó, a sì hú ohun funfun náà kúrò. Ojú ihò mẹ́ta tí a ti dí hàn gbangba, pẹ̀lú oje igi aláwọ̀ osùn tí ó dà bí rọ́bà tí a fi ń dí gbòǹgbò. Kò sí ìlà tí ó fi hàn pé eyín náà là. Mo wọ awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi irin kan tí ń gbọ̀n ha apá eyín tí ó bo ibi tí mo fura sí, ní ìgbésẹ̀ kékeré sí ẹnu ihò iwájú, lápá àjà ẹnu. Iṣẹ́ tí kò gba ìkánjú ni, nítorí pé bí irin bá fi díẹ̀ jìn jù, ilẹ̀ eyín á lu. Nígbà tí mo rí ìlà dúdú kan tí ó tín-ín-rín, mo ro omi ìfọgbòǹgbò lé e lórí, mo sì dúró. Omi yìí ni sodium hypochlorite, irú èròjà tí ó wà nínú Jik tí a fi ń fọ aṣọ funfun, ó sì máa ń yọ́ ẹran tí ó bá kù nínú eyín. (Kí ẹnikẹ́ni má ṣe tìtorí èyí da Jik sí ẹnu nílé o, abẹ́ rọ́bà ni a ti ń lò ó, kí ó má bàa kan ara, bí ó bá kan ara yóò bó o.) Hóró ìfófòó kan yọ láti ojú ìlà náà, òmíràn tẹ̀ lé e, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tò gòkè lọ́kọ̀ọ̀kan láti ojú kan náà. Ẹran ni omi náà ń jẹ nísàlẹ̀ níbẹ̀. Mo fi fáìlì nọ́ńbà 10 wọlé, irin tín-ín-rín tí a fi ń ha inú gbòǹgbò, èyí tí ṣóńṣó rẹ̀ kò ju 0.10 mm lọ, ó sì lọ. Nígbà tí mo fà á jáde, ẹ̀jẹ̀ pupa wà lára rẹ̀. Eyín tí wọ́n ní ó ti kú láti oṣù méjì ó lé ṣì ń ṣẹ̀jẹ̀.

A fọ ihò kẹrin náà dé ṣóńṣó rẹ̀, a fi oògùn tí a ń pè ní calcium hydroxide sínú rẹ̀, a sì dí ojú eyín náà fún ìgbà díẹ̀. A fi àwọn mẹ́ta yòókù sílẹ̀ bí a ti bá wọn. Dókítà mìíràn lè sọ pé gbogbo rẹ̀ ni ó yẹ kí a hú, kí a sì tún ṣe, n kò ní í bá a jiyàn tí egungun bá ti jẹrà. Ṣùgbọ́n nínú èyí, kò sí ohun tí ó fi hàn pé wọ́n ṣẹ̀, gbogbo ìgbà tí a bá sì tún gbòǹgbò ha ni agbára rẹ̀ ń dín kù sí i.

Mo ṣàlàyé fún Màmá pé ibi tí a fọwọ́ kàn lè dùn wọ́n fún ọjọ́ díẹ̀, pé ìyẹn kò túmọ̀ sí pé kò jẹ́. Paracetamol ni a fún wọn, méjì onímílígíráàmù 500 lẹ́ẹ̀kan, kí wákàtí mẹ́fà ó kéré tán wà láàárín rẹ̀, kí ó má sì ju mẹ́jọ lọ láàárín ọ̀sán kan òru kan. Fún ẹni tí kò ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ọgbẹ́ inú tàbí àìsàn kíndìnrín, tí kò sì lóyún, ibuprofen 400 mg lẹ́yìn oúnjẹ pa pọ̀ mọ́ paracetamol máa ń ṣiṣẹ́ ju ọ̀kan nínú wọn lọ. A kò fún wọn ní oògùn apakòkòrò. Ọmọbìnrin wọn yà lẹ́nu sí èyí, torí pé ní ìlú wa ẹni tí ó bá ti ilé ìwòsàn eyín jáde láìgba kápúsù máa ń rò pé a kò tọ́jú òun tán. Ṣùgbọ́n ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn kò wú, ibà kò sí, ibi tí ìyọnu wà sì ni inú ihò tín-ín-rín kan. Fífọ̀ ni ó ń wò ó, kápúsù kò ní í ràn án. Bí ojú bá wú, bí ibà bá dé, bí ẹnu kò bá là dáadáa mọ́, tàbí tí gbígbé itọ́ mì tàbí mímí di ìṣòro, ọ̀rọ̀ ti yí padà nìyẹn, a sì ní kí wọ́n má ṣe dúró de ọjọ́ ìpàdé wa, kí wọ́n gba ẹ̀ka pàjáwìrì ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ní Ìdí-Àbà lọ lọ́jọ́ náà, ì báà jẹ́ òru.

Ọmọ wọn pè ní ọjọ́ kejì pé Màmá ti mu ẹ̀kọ. Ìrora ooru náà kò tún padà. Títẹ eyín náà ṣì ń dùn wọ́n fún bí ọ̀sẹ̀ kan, ó sì ń dín kù bí a ti retí. Nígbà tí wọ́n padà wá, a dí ihò kẹrin náà pátápátá, x-ray sì fi ìlà funfun mẹ́rin hàn níbi tí mẹ́ta wà tẹ́lẹ̀. Adé ni ó pẹ́, nítorí owó. Irin aláwọ̀ fàdákà ni wọ́n yàn, nítorí pé kò wọ́n púpọ̀, kò sì sí ẹni tí ń wo ẹ̀yìn ẹnu wọn ní Ìtòkú. Mo tẹnu mọ́ ọn fún wọn pé títí adé náà yóò fi dé, kí wọ́n jìnnà sí eegun.

Nígbà tí àgbàdo tuntun jáde, a tún yẹ̀ wọ́n wò. Egungun tí ó yí gbòǹgbò náà ká mọ́ lójú x-ray, èrìgì ti bọ̀ sípò níbi tí kànáfùrù ti bó o, bébà aláró sì fi àmì tí ó dọ́gba hàn. Wọ́n ní àwọn ń fi apá òsì jẹ àgbàdo sísun, ṣùgbọ́n pé bí àwọn bá já ohun tí ó le gan-an lu adé náà, ó máa ń ṣe bí ẹni pé ó fẹ́ dùn, kò sì ní í dùn. Mo kọ èyí sílẹ̀ bí wọ́n ti sọ ọ́. Kì í ṣe ohun tí a ń tọ́jú ní báyìí, a ó tún ya àwòrán rẹ̀ bí ó bá pé ọdún kan. Bí ó bá pọ̀ sí i ṣáájú ìgbà náà, a ó tún fi irin wọn èrìgì rẹ̀ láti mọ̀ bóyá gbòǹgbò ti ń là. Rírọ́pò eyín ńlá méjì tí kò sí lápá ọ̀tún ni a ń sọ báyìí, Màmá sì ti béèrè iye owó rẹ̀.